Ṣé lóòótọ́ ni pé psoriasis máa ń di jẹjẹrẹ? Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn nítorí ẹ̀gbọ́n mi

Ìyá Àjọkẹ́, Sùúrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, ti ní psoriasis, àìsàn awọ ara tó máa ń yọ ìpẹ́, fún ọdún díẹ̀. Ó wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ní orúnkún àti ní ìdí, ó sì ti gba gbogbo awọ orí rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n ti sọ orúkọ àìsàn náà fún un, tí wọ́n sì fún un ní methotrexate tó ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ara rẹ̀ ti ń dá bọ̀, ìpẹ́ tó máa ń gbọ̀n sórí bẹ́ẹ̀dì sì ti dínkù gan-an. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni oníbàárà rẹ̀ kan sọ fún un pé psoriasis tó bá pẹ́ lára ènìyàn máa ń di jẹjẹrẹ, pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ṣe àbúrò ìyá òun. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi délé, ó tú ìwé pélébé inú páálí oògùn rẹ̀ kà, ó sì rí i níbẹ̀ pé wọ́n ń fi methotrexate tọ́jú jẹjẹrẹ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti gbé oògùn tì. Ó ní àwọn dókítà ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, wọn kò kàn fẹ́ là á mọ́ òun lójú ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé psoriasis máa ń di jẹjẹrẹ? Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ni àbúrò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n tó ti lé lógójì ọdún tí yóò fi gbọ́?

Nọ́ọ̀sì Èbúté-Mẹ́ta

Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n, Ìyá Àjọkẹ́. Psoriasis kì í yí padà di jẹjẹrẹ. Nínú psoriasis, àwọn ọmọ-ogun inú ara, tó yẹ kí wọ́n máa gbógun ti kòkòrò àrùn, ni wọ́n ṣìnà tí wọ́n wá ń yọ awọ ara lẹ́nu, ni sẹ́ẹ̀lì awọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí ó lo nǹkan bí oṣù kan kí ó tó ti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ó sì ré dànù, yóò dé òkè láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré, bí ìgbà tí ọmọọṣẹ́ ń kó aṣọ tuntun jáde sí iwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọn kò tíì ta ti àárọ̀. Èyí tó kóra jọ yẹn ni a ń rí bí ìpẹ́. Bí oògùn bá ti pẹ̀tù sí àwọn ọmọ-ogun náà nínú, sẹ́ẹ̀lì á padà sí ìrìn rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ní tirẹ̀ ti já ìjánu, ó ń wọ inú ẹran ara tó wà nítòsí rẹ̀, ó sì lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ fìdí kalẹ̀ síbòmíràn.

Kì í ranni pẹ̀lú, nítorí náà kí àwọn ọmọ máa jókòó tì í, kí wọ́n sì máa bá a jẹun. Bí ẹ bá sì ń wo àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ rántí pé awọ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ àwòrán náà fi hàn, ìdí nìyẹn tó fi pupa. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè dúdú bí aró, kí ó ní àwọ̀ ilẹ̀, kí ìpẹ́ orí rẹ̀ sì dà bí eérú.

Onímọ̀ Ìṣirò, Àkọkà

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì wa dúró, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi òtítọ́ kan bo òmíràn mọ́lẹ̀, nítorí ìsopọ̀ díẹ̀ wà láàárín àìsàn méjèèjì. Ní ọdún 2019, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Dermatology gbé àkójọpọ̀ ìwádìí 58 jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ohun tí wọ́n rí ni pé ewu jẹjẹrẹ lápapọ̀ lára àwọn tó ní psoriasis fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ju ti àwọn tí kò ní in lọ, àti pé lára àwọn tí tiwọn le, ó tó nǹkan bí ìdá 22 nínú 100.

Ibi tí irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ti ń da àwọn ènìyàn lọ́kàn rú nìyí, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ènìyàn 18 nínú 100 ni jẹjẹrẹ yóò mú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: ká ní a tọ́jú àkọsílẹ̀ ènìyàn 1,000 tí kò ní psoriasis fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí jẹjẹrẹ sì mú 50 nínú wọn. Láàárín 1,000 mìíràn tí wọ́n ní psoriasis, iye náà yóò jẹ́ nǹkan bí 59. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló lé sí i, àwọn 941 tó kù kò sì rí jẹjẹrẹ kankan.

Nípa àwọn mẹ́sàn-án náà pàápàá, ẹ má tíì di ẹ̀bi lé psoriasis lórí. Ẹ wo irú jẹjẹrẹ tó wà lára èyí tó pọ̀ sí i nínú àkójọpọ̀ ìwádìí náà: ti ẹnu, ti gògóńgò, ti ọ̀nà ọ̀fun, ti ẹ̀dọ̀. Ibi tí sìgá àti ọtí máa ń bà jẹ́ nìyẹn, a sì mọ̀ pé sìgá, ọtí àti sísanra jù wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní psoriasis ju àwọn mìíràn lọ. Èyí tó ṣòro láti fi sìgá àti ọtí nìkan ṣàlàyé ni lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ-ogun ara fúnra wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn ju ẹ̀ka tèmi lọ. Ẹni tó bá jẹ́ dókítà níbí, ẹ dákun, ẹ gbà á lẹ́nu mi.

Ọmọ Láfíàjì

Èmi náà ní psoriasis, mo sì ti ní in láti ìgbà tí mo wà ní girama. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara ni pé, kí ó tó wo awọ mi, ó ti wọn ìfúnpá mi, ó ní kí n gun òṣùwọ̀n, ó sì bi mí bóyá mo ń mu sìgá. Ó sọ fún mi láìfi bò pé ohun tó ń ké ẹ̀mí àwọn tí psoriasis wọn le kúrú jù ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ, àti pé bí mo bá fẹ́ bẹ̀rù nǹkan kan, kí n kọ́kọ́ bẹ̀rù ìyẹn. Mo jáwọ́ nínú sìgá. Ọtí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ borí mi, nítorí ní Èkó yìí, ẹni tó bá jókòó níbi òde láìgbé ife dání, gbogbo tábìlì ni yóò máa bi í pé kí ló ṣe é.

Nítorí náà, Ìyá Àjọkẹ́, ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n bóyá wọ́n ń mu nǹkan kan, kí ẹ sì bi wọ́n níbi tí kò sí ẹlòmíràn.

Bàbá Ìbejì, Ọ̀jọ́ta

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú àlàyé. Èmi kò ka ìwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ kò yẹ kí ó wọ ara ẹni tí kò ní in. Ní ayé tiwa, epo igi ni wọ́n máa ń rẹ sínú ògógóró fún irú nǹkan báyìí, ife kékeré láàárọ̀, òmíràn lálẹ́, wọ́n á sì fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi àdí àgbọn pa á lára. Kí Ìyá Àjọkẹ́ gbé e yẹ̀ wò.

Apòògùn, Ìdí-Òrò

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. N kò ní bá yín jiyàn lórí àdí àgbọn, nítorí ó máa ń mú kí ìpẹ́ rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wo psoriasis sàn. Ọṣẹ dúdú, kí ó rọra, torí ó lè ta awọ tó ti sán. Ṣùgbọ́n ògógóró lórí methotrexate ni mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín pé kí ẹnikẹ́ni má dán an wò. Ẹ̀dọ̀ ni oògùn náà lè pa lára, ẹ̀dọ̀ náà ni ọtí ń bá jà, ẹ̀dọ̀ náà sì ni àrùn mẹ́dọ̀wú, hepatitis B, tó wọ́pọ̀ lágbègbè wa, ń gbé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ láti yẹ ẹ̀dọ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ènìyàn bá ń lò ó. Bí a bá ń wá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, hepatitis B àti ọtí nìkan tó o láìsí psoriasis rárá.

Lórí ohun tí ẹ̀gbọ́n kà nínú páálí, òótọ́ ni wọ́n kà, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìwọ̀n rẹ̀. Fún psoriasis, nǹkan bí mílígíráàmù 7.5 sí 25 ni ènìyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn jẹjẹrẹ kan wà tí wọ́n ń fa ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílígíráàmù rẹ̀, àní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, sínú iṣan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ìwọ̀n kékeré, iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń mú àwọn ọmọ-ogun ara sinmi, òun náà ni wọ́n sì fi ń tọ́jú àwọn tí oríkèé ọwọ́ wọn ń wú. Dókítà tó kọ ọ́ fún wọn kò fi nǹkan kan pamọ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni ẹni tó ń lo methotrexate lójoojúmọ́ nítorí pé ẹnìkan kọ ọ́ tàbí kà á ní àṣìṣe. Ẹnu á bó, ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ó sì ti pa ènìyàn rí. Kí ẹ̀gbọ́n yan ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, bóyá Jímọ̀, kí ẹnìkan nínú ilé mọ ọjọ́ náà, kí folic acid, fítámì tí wọ́n ń fi kún un, sì wà ní ọjọ́ mìíràn bí dókítà bá ṣe sọ. Bí ibà bá mú wọn tàbí ikọ́, kí wọ́n sọ fún ẹni tó wà ní kẹ́mísì pé àwọn ń lo methotrexate kí ó tó dá oògùn sílẹ̀, nítorí cotrimoxazole tí gbogbo wa mọ̀ sí Septrin, àti Fansidar pẹ̀lú, kò gbọdọ̀ bá a pàdé. Chloroquine náà tún lè mú kí psoriasis gbóná sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan sí i, nítorí ó bá ìbéèrè yín mu. Ní 1786, dókítà kan ní Ìlú Ọba tó ń jẹ́ Thomas Fowler gbé omi oògùn kan jáde tí arsenic, májèlé kan, wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ní psoriasis mu. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, kókó líle bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, òmíràn nínú rẹ̀ sì di jẹjẹrẹ awọ ara. Ẹni tó bá rí wọn nígbà náà á ní psoriasis ló di jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ oògùn ni. Èyí ni mo máa ń rántí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé ìyẹ̀fun tí kò ní orúkọ wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n bá wọn wò ó, tàbí ìpara tí ẹnìkan pò nínú ike, tó jẹ́ pé clobetasol, oògùn steroid tó lágbára, ló kún inú rẹ̀, tó ń mú awọ dán fún ìgbà díẹ̀, tí àìsàn á sì ya bo gbogbo ara lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a dúró. Ìpara ìbóra mìíràn tún ní mẹ́kúrì, tí NAFDAC ti fòfin dè.

Dókítà Lẹ́nu Iṣẹ́, Ìkẹjà

Mo rí i pé wọ́n ń pè mí. N kò rí ẹ̀gbọ́n yín, nítorí náà ohun tí mo bá sọ kò lè rọ́pò àyẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn àbúrò ìyá oníbàárà yẹn, nítorí irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, àwọn ènìyàn ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ sódì. Jẹjẹrẹ kan wà tó ń jẹ́ mycosis fungoides, ọ̀kan nínú àwọn lymphoma, tó jẹ́ pé awọ ara ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè fi ọ̀pọ̀ ọdún jọ psoriasis, èélá tàbí làpálàpá. Lára aláwọ̀ dúdú, ó tilẹ̀ lè wá bí ojú àbàwọ́n tó mọ́ ju awọ yòókù lọ. Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá sọ pé psoriasis di jẹjẹrẹ awọ ara, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé jẹjẹrẹ yẹn ni ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì gé awọ wò. Èyí wà lára ohun tó mú kí òǹkà lymphoma ga nínú àwọn ìwádìí tí Onímọ̀ Ìṣirò mẹ́nu kàn. Ohun kejì tí wọ́n fura sí ni pé ìjà tí àwọn ọmọ-ogun ara ń jà lọ́dún dé ọdún lè jẹ́ kí àwọn kan nínú wọn ṣìwà hù nígbẹ̀yìn. Síbẹ̀, lymphoma ṣọ̀wọ́n púpọ̀, àní láàárín àwọn tó ní psoriasis.

Ohun tó lè mú mi gé awọ wò nìyí: ojú kan tó wà níbi tí òòrùn kì í dé, bí ìdí, itan lápá inú tàbí abẹ́ ọmú, tí kò gbọ́ oògùn nígbà tí ibi yòókù ń gbọ́, ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í le tàbí tó yọ kókó, egbò tó ń la ara rẹ̀ láàárín rẹ̀, kókó ní ọrùn, abíyá tàbí ibi tí itan ti pàdé ikùn tí kò lọ, kí ènìyàn máa rù láìmọ ìdí, kí òógùn sì máa bò ó lóru.

Nípa ìtọ́jú, èyí tí ẹ̀rí jẹjẹrẹ rẹ̀ lágbára jù ni PUVA, níbi tí aláìsàn ti ń gbé oògùn psoralen mì kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ ìtànṣán. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba àwọn aláìsàn 1,380 sínú ìwádìí ní 1975 àti 1976, wọ́n tọ́pa wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i pé bí ìgbà tí ènìyàn wọ ẹ̀rọ náà ṣe ń pọ̀, pàápàá tó bá ti lé ní igba, bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ awọ ara ń pọ̀ sí i, àní ní ojú ara ọkùnrin tí wọn kò bò. Aláwọ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Ìtànṣán UVB tóóró tí wọ́n ń lò lónìí kò fi irú ewu bẹ́ẹ̀ hàn. Ciclosporin, oògùn mìíràn tó ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ-ogun ara, ń fa ìfúnpá gíga, ó ń yọ kíndìnrín lẹ́nu, kò sì yẹ kí ẹni tó ti gba PUVA púpọ̀ lò ó, nítorí jẹjẹrẹ awọ. Ní ti àwọn abẹ́rẹ́ tuntun tí owó wọn ń bani lẹ́rù, bí adalimumab, ìwádìí kò fi hàn pé wọ́n ń dá kún jẹjẹrẹ inú ara fún aláìsàn psoriasis. Ní àyíká wa, ikọ́ ife àti hepatitis B ni mo máa ń kọ́kọ́ wá kí a tó ronú kàn wọ́n.

Jẹjẹrẹ awọ ara tí a sì ń rí jù níbí kì í wá láti ara psoriasis. Ara àwọn àfín ni a ti ń rí i nítorí òòrùn, àti ara egbò tí kò jiná tàbí àpá iná tó ti pẹ́. Òmíràn máa ń yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí abẹ́ èékánná. Irú ìyẹn ni ó pa Bob Marley ní 1981, láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Àjọkẹ́, Sùúrùlérè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lánàá, wọ́n gbọ́ ti ìwọ̀n oògùn yẹn, ó sì jọ pé ọkàn wọn rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí Dókítà ti sọ̀rọ̀ ìdí, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní ojú kan wà níbẹ̀ tó mọ́ ju awọ wọn lọ, tí kì í sán, tí kì í sì í yún. Ṣé òun nìyẹn? Ṣé kí wọ́n sì padà bẹ̀rẹ̀ methotrexate lọ́sẹ̀ yìí?

Dókítà Lẹ́nu Iṣẹ́, Ìkẹjà

Ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ nǹkan kan. Ibi tí psoriasis ti san lára wa máa ń mọ́ tàbí kí ó dúdú fún oṣù púpọ̀ kí àwọ̀ tó padà. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà kí wọ́n fi han dókítà awọ ara, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, tàbí níbi tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú tẹ́lẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣe biopsy, ìyẹn gígé awọ wò, abẹ́rẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi pa ojú ibẹ̀ kú, wọ́n á mú awọ díẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà mélòó kan lọ, ẹ̀gbọ́n yín á sì lè padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Kí wọ́n béèrè ṣáájú bóyá kí wọ́n dá ìpara steroid dúró níbẹ̀, nítorí ó lè bo ohun tí a ń wá mọ́lẹ̀. Methotrexate, kí wọ́n má dá a bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn. Kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, kí dókítà sì sọ ìwọ̀n tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀.

Apòògùn, Ìdí-Òrò

Kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ń lò sínú nylon kan, ìpara, ọṣẹ, ìgò àgbo, gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì dà á sórí tábìlì dókítà.

Bàbá Ìbejì, Ọ̀jọ́ta

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ. Dókítà, ẹ má bínú pé mo fẹ́ ya ọ̀rọ̀ yín. Ẹ dárúkọ àpá iná tó pẹ́. Omi gbígbóná dà sí mi lójúgun nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ojú àpá náà ti là láti bí ọdún tó kọjá, ó máa ń jọ pé ó fẹ́ jiná, á tún là, ètí rẹ̀ sì ti wú sókè. Ìyẹ̀fun ni mo ń bù sí i.

Dókítà Lẹ́nu Iṣẹ́, Ìkẹjà

Bàbá, ẹ má bù ú sí i mọ́. Tiyín yìí ni ó ká mi lára ju ti ẹ̀gbọ́n Ìyá Àjọkẹ́ lọ. Ètí egbò tó wú sókè lójú àpá iná gba kí wọ́n gé e wò láìjáfara, kì í ṣe kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n sì máa dì í. Ẹ fi gọ́ọ̀sì tó mọ́ dì í, kí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì sin yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà pé egbò inú àpá iná ni, pé ó ti là láti bí ọdún tó kọjá.